Lẹ́ńsì Méjì, Ojú Kan

Nígbà tí zém, ìyẹn alùpùpù akérò, tó gbé Kaoussara bọ̀ láti Goro yọ̀ nínú iyanrìn, orúnkún rẹ̀ nìkan ló bó. Kámẹ́rà rẹ̀ ló fara gbá a jù. Lẹ́ńsì tó wà lórí rẹ̀, ìyẹn ojú tí kámẹ́rà fi ń ríran, ló fi imú lu òkúta, dígí rẹ̀ sì sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọkùnrin tó ni alùpùpù náà ń bẹ̀ ẹ́ ṣáá, "Tata, àǹtí mi, ẹ má bínú, ẹ má bínú." Kaoussara jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó ń yí ọrùn lẹ́ńsì náà sọ́tùn-ún sósì, iyanrìn sì ń rún nínú rẹ̀ bí ẹni ń jẹ gààrí gbígbẹ.

Tchaourou ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti ń ya fọ́tò jẹun. Ìdílé Àlúkò, oníṣòwò iṣu, ni bàbá rẹ̀ ti wá, ó sì pẹ́ kí bàbá náà tó gbà pé ọmọbìnrin òun lè fi iṣu sílẹ̀ kó máa gbé kámẹ́rà kọ́rùn kiri. Fọ́tò káàdì ìdánimọ̀, fọ́tò ìsọmọlórúkọ, fọ́tò kíláàsì, fọ́tò kajú tí oníṣòwò fẹ́ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp, kò sí èyí tí Kaoussara kì í yà. Lẹ́ńsì kan ṣoṣo yẹn ló sì fi ń ya gbogbo wọn. Nígbà tó ti fọ́, iṣẹ́ dúró.

Ló bá gba ọ̀dọ̀ Tonton Akíndélé lọ; Tonton ni wọ́n fi ń pe ọkùnrin tó tó bàbá ẹni. Ará Ṣábẹ̀ ni Tonton Akíndélé, Kírísítẹ́nì, ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti funfun tán, tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kan nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Òun ló kọ́ Kaoussara níṣẹ́. Ó tún máa ń ra kámẹ́rà àlòkù láti Cotonou, á tún un ṣe, á sì tà á.

Ó gba lẹ́ńsì tó fọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sí etí, ó mì í, ó sì gbé e sílẹ̀.

"Èyí ti lọ," ó ní. "Irú èwo lo wá ń fẹ́?"

"Ọ̀kan ṣoṣo ni mo lè rà, Tonton. Èyí tí mo lè fi ṣe gbogbo nǹkan."

"Èyí tó ń ṣe gbogbo nǹkan kò sí. Èyí tó ń ṣe púpọ̀ ló wà."

Ó tẹ́ aṣọ kan sórí tábìlì, ó sì kó lẹ́ńsì méjì jáde láti inú àpótí. Èkíní gùn, ó sì wúwo. Bí èèyàn bá yí ọrùn rẹ̀ síhìn-ín, ohun tó wà lókèèrè á sún mọ́ tòsí. Bó bá yí i sọ́hùn-ún, odindi yàrá á wọ inú fọ́tò. Èkejì kúrú, kò sì ní ọrùn tí èèyàn ń yí fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

"Pẹ̀lú èyí tó gùn yìí," Tonton Akíndélé ní, "o lè dúró síbi kan ṣoṣo, kí o ya ọkọ, kí o ya ìyàwó, kí o sì ya àgbàlagbà tó ń sùn lẹ́yìn pátápátá. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ojú rẹ̀ kì í dá mọ́. Èyí tó kúrú yìí ní tirẹ̀, tó o bá fẹ́ kí èèyàn tóbi nínú fọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ lo máa fi rìn lọ bá a. Àmọ́ ó ń gba ìmọ́lẹ̀ bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń gba òjò."

"Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, èwo lẹ máa mú?"

"Èmi kọ́ ló ń lọ sí Goro àti Kika lójoojúmọ́. Kó méjèèjì lọ. Má fi wọ́n ya ayẹyẹ o. Fi wọ́n ya ohun tó ò ń rí lójoojúmọ́, oúnjẹ, ẹran, àwọn ará ilé. Èyí tí ọwọ́ rẹ bá ń wá fúnra rẹ̀, òun ni kó o rà. Kó o dá ìkejì padà fún mi."

Bí Kaoussara ṣe gba Kika lọ nìyẹn, ní ọ̀dọ̀ Rafiatou ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó fẹ́ àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Imorou. Ìgbà ìkórè kajú ni. Rafiatou ti bí ọmọ méjì: Faridath, tó ti fẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́ta, àti Saïd tó ṣì wà lẹ́yìn. Ìyá Imorou náà ń gbé inú ilé yẹn. Ìyá Àgbà ni gbogbo èèyàn ń pè é.

Kaoussara gbádùn ọjọ́ náà. Ó fi lẹ́ńsì gígùn fa Imorou láti òpin oko, tó fi jẹ́ pé òógùn tó wà létí imú ọkùnrin náà hàn, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun. Ó ya àwọn obìnrin tó ń já kóró kajú kúrò lára èso rẹ̀, ó ya ewúrẹ́ tó gun orí odó, ó ya Ìyá Àgbà níbi tó ti ń gún iyán. Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó ní kí òun dán méjèèjì wò nínú yàrá, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀, kí ìdájọ́ òun má bàa ṣègbè. Ó fi lẹ́ńsì gígùn kọ́kọ́ ya Faridath àti àbúrò rẹ̀ lórí ẹní, pẹ̀lú iná fíláàṣì, gbogbo yàrá sì wọlé. Lẹ́yìn náà ló fi èyí tó kúrú sí i, ó kúnlẹ̀, ó sún mọ́ Faridath títí ojú ọmọ náà fi kún inú kámẹ́rà. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Kaoussara tẹ̀ ẹ́.

Ó yí kámẹ́rà padà láti wo ohun tó yà.

Ojú òsì Faridath pọ́n díẹ̀ ní àárín, bí ojú ẹnikẹ́ni ṣe máa ń pọ́n tí fíláàṣì bá bá a lójijì. Ojú ọ̀tún funfun. Ọmọlójú gan-an, ibi tó yẹ kó dúdú, ló funfun báláú bí ojú ẹja tí a sè.

Kaoussara gbójú sókè wo ọmọ náà. Ojú méjèèjì dúdú mìnìjọ̀, wọ́n ń dán, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó nu lẹ́ńsì náà. Ó ya Ìyá Àgbà, ojú méjèèjì pọ́n. Ó ya Saïd, ojú méjèèjì pọ́n. Ó padà ya Faridath, ó sì tún rí i, funfun, ní ojú ọ̀tún. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé dígí lẹ́ńsì yìí ló ní àbùkù níbì kan, pé ìmọ́lẹ̀ ló ń fọ́ sínú rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó dì í sínú aṣọ, kò sì fi fọ́tò náà han ẹnikẹ́ni. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti yan lẹ́ńsì gígùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé lẹ́ńsì kúkúrú náà sórí tábìlì Tonton Akíndélé.

"Èyí kò dáa, Tonton. Ó ń ba ojú èèyàn jẹ́."

Tonton Akíndélé fi sí kámẹ́rà tirẹ̀, ó ya Kaoussara. Ó gbé kámẹ́rà fún Kaoussara kí ó ya òun náà. Ó pe obìnrin tó ń ta búrẹ́dì níwájú ṣọ́ọ̀bù wọlé, ó yà á. Kò sí ohun tó ṣe ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Nígbà náà ló ní kí Kaoussara fi fọ́tò ọmọ náà han òun. Ó wò ó pẹ́. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi padà.

"Ṣé o fi lẹ́ńsì gígùn yà á nínú yàrá yẹn náà?"

"Mo fi yà á. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kéré nínú rẹ̀."

"Gbé e sórí kọ̀ǹpútà."

Wọ́n gbé e síbẹ̀. Yàrá Rafiatou hàn lódindi, ẹní, ògiri, àpò kajú, Saïd tó ń fa etí aṣọ. Tonton Akíndélé ń mú kí ojú Faridath tóbi sí i lórí kọ̀ǹpútà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku ojú méjì péré. Òsì pọ́n. Ní ọ̀tún, àmì funfun kan wà níbẹ̀ bí ìdí abẹ́rẹ́.

Akẹ́rù kan kọjá lójú títì, dígí ṣọ́ọ̀bù ń gbọ̀n.

"Kaoussara," Tonton Akíndélé ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "lẹ́ńsì méjì ni. Ojú kan náà ni. Kì í ṣe kámẹ́rà."

"Kí wá ni?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń yà. Lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ. Má sọ ọ́ lórí fóònù."

Kaoussara tún gun zém. Ní gbogbo ojú ọ̀nà Kika, ó ń ronú bí òun ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, kò sì rí i. Nígbà tó dé, Rafiatou ń sá kóró kajú sínú oòrùn. Kaoussara kí i, ó sì kàn na kámẹ́rà sí i.

Rafiatou wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ojú ológbò rẹ̀ nìyẹn."

"Ojú kí ni?"

"Ojú ológbò. O ò tíì rí i rí? Tí mo bá tan iná ní ìrọ̀lẹ́ tó sì yíjú sí mi báyìí, ojú yẹn á tàn yanran. Bàbá ẹ̀ pàápàá mọ̀ ọ́n. A máa ń ní kò sí ẹni tó ní irú ojú yẹn ní gbogbo Kika."

Kaoussara wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. "Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Kí ọyẹ́ tó dé." Rafiatou gbójú sókè, ẹ̀rín náà ń kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Kí ló dé tó ò ń wò mí bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pe Faridath wá. Ẹ fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀ kan."

Rafiatou gbé ọmọ náà sórí itan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún. Faridath kò tilẹ̀ yíra padà, ó ń bá kóró kajú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣeré lọ, ó jù ú sókè, ó hán an. Rafiatou yọ ọwọ́ náà, ó fi bo ojú òsì. Lójú ẹsẹ̀ ni ọmọ náà figbe ta. Ó ń fa ọwọ́ ìyá rẹ̀ kúrò, ó ń ju orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, kóró kajú bọ́ sílẹ̀, ó sì ń táràrà wá a ní ibi tí kò sí, lórí itan ìyá rẹ̀, nínú afẹ́fẹ́.

Rafiatou yọ ọwọ́. Ọmọ náà rí kóró kajú nílẹ̀, ó mú un, ó dákẹ́.

Rafiatou tún un ṣe. Ọmọ náà tún figbe ta. Ó fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, Kaoussara sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó ti tó."

"Kò ríran," Rafiatou ní. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. "Kaoussara, ọmọ mi kò fi ojú yẹn ríran. Lójoojúmọ́ ni mò ń wẹ̀ fún un. Lójoojúmọ́ ni mò ń lé tìróò sí i. Kò fi ríran."

Igbe ọmọ náà ló mú Ìyá Àgbà jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n fi fọ́tò náà hàn án. Obìnrin náà gba kámẹ́rà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó dá a padà kíákíá bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

"Iná kámẹ́rà yín ló jó ojú ọmọ náà," ó ní.

"Ìyá, mi ò…" Kaoussara ní.

"Iná yín. Láti ìgbà ìsọmọlórúkọ rẹ̀ lẹ ti ń ta iná mọ́ ọn lójú. Ọmọ tuntun. Ta ló ń ta iná sójú ọmọ tuntun?" Ó yí padà, ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Imorou ti oko dé, wọ́n sì rò ó fún un. Kò bá Kaoussara jà. Ó kàn wo kámẹ́rà tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó wò ó gan-an, Kaoussara bọ́ ọ lọ́rùn, ó sì fi í sínú àpò. Títí ilẹ̀ fi mọ́ ló ń ka iye ìgbà tó ti ya ọmọ yẹn ní ọkàn rẹ̀, kò sì lè kà á tán. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni ìyá náà sọ ńkọ́?

Ní òwúrọ̀, òun àti Rafiatou gbé Faridath àti Saïd, wọ́n wọkọ̀ lọ sí Parakou, sí ilé ìwòsàn ńlá, lọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Dókítà Karimou ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Kò gbọ́ Nàgó, èdè ilé wọn, Rafiatou kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Faransé, nítorí náà Kaoussara ló jókòó sáàárín. Dókítà wo fọ́tò náà, ó tan iná kékeré sí ojú ọmọ náà, ó kán oògùn sí i, ó ní kí wọ́n dúró díẹ̀, ó tún wò ó, ó pe dókítà mìíràn wá wò ó. Wọ́n fi ẹ̀rọ kan yẹ inú ojú náà wò. Nígbà tó tó àkókò láti sọ̀rọ̀, Dókítà Karimou ti ilẹ̀kùn. Ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì dákẹ́ kí Kaoussara lè túmọ̀.

Kaoussara yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kí ló wí?" Rafiatou ní.

"Ó ní… ó ní nǹkan kan hù nínú ojú náà. Lẹ́yìn, níbi tí a kò lè rí. Ó ní jẹjẹrẹ ni."

"Jẹjẹrẹ kì í ṣe àrùn àgbàlagbà ni?"

Kaoussara bi dókítà. Dókítà mi orí. "Ó ní èyí, ọmọdé ló máa ń ṣe."

"Kí ni wọ́n máa fún un?"

Kaoussara mọ ìdáhùn rẹ̀, dókítà ti sọ ọ́. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo Faridath tó ń sùn láyà ìyá rẹ̀ nítorí oògùn ojú náà ti dá a lágara. Ní èdè Faransé, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá létí rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ inú ìwé. Nígbà tó fi máa gbé e sí èdè ìyá wọn, ó wúwo.

"Wọ́n máa yọ ojú náà, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní bí wọn kò bá yọ ọ́, ó máa gba ibẹ̀ lọ sínú ọpọlọ."

Rafiatou kò sunkún. Ó béèrè, "Ojú wo?" bí ẹni pé wọn kò tíì sọ ọ́, bí ẹni pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òmíràn.

Kí wọ́n tó dìde, Kaoussara fi Faransé béèrè tirẹ̀. Ó béèrè bóyá iná fíláàṣì lè ṣe irú èyí. Dókítà Karimou wò ó, ó sì yé e.

"Rárá, madame. Fíláàṣì kò dá a sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wọ inú ojú náà lọ, ó bá nǹkan yẹn níbẹ̀, ó sì padà jáde. Òun nìkan ló rí i. Ká ní ẹ kò yà á ni, ìgbà tí ojú bá wú ni ẹ̀ bá tó wá, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti pẹ́ jù."

Kaoussara gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ ìyẹn fún Rafiatou, ó kàn gbé Saïd, ó sì ṣáájú jáde.

Wọ́n pe Imorou lórí fóònù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ló dé, òun àti Ìyá Àgbà, tí ẹnikẹ́ni kò ní kó wá. Wọ́n jókòó lábẹ́ igi kan nínú àgbàlá ilé ìwòsàn. Imorou gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì mi orí.

"Wọn ò ní yọ ojú ọmọ mi."

"Imorou," Rafiatou ní.

"Wò ó níbẹ̀ yẹn." Faridath ń lé alángbá kiri ìdí igi. "Ṣé èyí jọ ẹni tó ń ṣàìsàn? Ó ń jẹun, ó ń sùn, kò sọ pé nǹkan kan ń dun òun. Ọmọbìnrin ni. Ta ló máa fẹ́ ẹ? Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé, ká wá nǹkan mìíràn ṣe sí i. Bó bá wá le, ká padà wá."

"Dókítà ní kò sí àyè fún ìyẹn," Kaoussara ní.

"Ìwọ má bá mi sọ̀rọ̀."

Rafiatou bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, láìpariwo. Ìyá Àgbà ló wá sọ̀rọ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Alángbá tí Faridath ń lé ló ń wò.

"Ìwọ kọ́ ni àkọ́bí mi, Imorou."

Imorou yíjú sí i.

"Mo bí ọmọ kan ṣáájú rẹ. Ọkùnrin. A kì í dárúkọ rẹ̀ nínú ilé, bàbá rẹ ló ní a ò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń tàn báyìí, bíi ti èyí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń pe àwọn ará ilé wá wò ó." Ó ṣì ń wo alángbá náà. "Ojú náà wá ń wú. Ó wú jáde títí kò fi lè padé mọ́. Àwọn kan ní èmi ni mo jẹ èèwọ̀, àwọn kan ní ọmọ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe èèyàn. Kò sí oògùn tí a kò fi sí i. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi tán. Kó tó kú, kò mọ̀ mí mọ́."

Imorou ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ọkùnrin ńlá ni, ó ti lé ní ogójì ọdún, kò sì tíì sí ẹni tó sọ fún un rí pé ó ní ẹ̀gbọ́n.

"Ìyá, ẹ ò sọ ọ́."

"Kí ni mo fẹ́ sọ?" Ó wá yíjú sí Kaoussara. "Ọjọ́ tí o fi fọ́tò yẹn hàn mí, mo ti mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe rí i ni mo mọ̀ ọ́n. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní iná rẹ ni kó lè má jẹ́ nǹkan yẹn ló padà wá."

Ó dìde, ó fi ọwọ́ ti igi.

"Ká ní a rí ẹni yọ ojú ọmọ tèmi nígbà yẹn," ó ní, "olójú kan ì bá wà lọ́dọ̀ mi lónìí, tí á máa pè mí ní ìyá. Imorou, lọ bá dókítà. Kí wọ́n yọ ọ́."

Imorou kò dìde lójú ẹsẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú ara rẹ̀, ó wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dìde, ó gbé Faridath kúrò nídìí alángbá, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì wọ inú ilé ìwòsàn lọ.

Nígbà tí Dókítà Karimou gbọ́ ìtàn Ìyá Àgbà, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní àrùn náà lè máa rìn nínú ẹbí, ó lè fo ẹnì kan kọjá kó má ṣe é ní nǹkan kan, kó sì bọ́ sára ọmọ onítọ̀hún. Ó ní kí wọ́n gbé Saïd wá. Rafiatou kò lè wọlé tẹ̀ lé ọmọ náà. Kaoussara ló gbé e mọ́ra nígbà tí wọ́n ń tanná sí ojú rẹ̀, Saïd sì ń figbe ta, Kaoussara sì ń wo ẹnu dókítà ju bó ṣe ń wo ọmọ lọ. Dókítà ní òun kò rí nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n máa gbé e padà wá déédéé títí á fi dàgbà. Nígbà tí Kaoussara jáde wá sọ ọ́ fún Rafiatou, ó ní láti sọ ọ́ ní ìgbà mélòó kan kó tó wọ̀ ọ́ létí.

Cotonou ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n yọ ojú ọ̀tún Faridath, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní nǹkan náà kò tíì jáde kọjá inú ojú, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì fún un ní oògùn líle fún oṣù mélòó kan nítorí ohun tí kò ṣeé rí. Irun rẹ̀ rẹ̀ dànù. Àárín Kika àti Cotonou ni Rafiatou ń lọ tó ń bọ̀, Imorou sì ń tà nínú kajú àti iṣu. Ìyá Àgbà ló ń ṣọ́ ilé.

Kaoussara padà sọ́dọ̀ Tonton Akíndélé. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí rẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì bíi ti àkọ́kọ́, ó gba lẹ́ńsì gígùn lọ́wọ́ Kaoussara, ó sì gbé méjèèjì sí i. Kaoussara mú èyí tó kúrú, ó fi sí kámẹ́rà, ó gbé e sójú. Ó yọ ọ́.

"Èyí ló dáa jù nínú yàrá," ó ní. "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè sún mọ́ ojú ọmọ báyẹn mọ́, Tonton. Kò tíì ṣeé ṣe."

"Mú èyí tó gùn. Iṣẹ́ rẹ, ìta ló pọ̀ sí. Ìgbà tí eruku bá sì wà, o ò ní máa yọ lẹ́ńsì kan, kí o tún máa fi òmíràn sí i."

Ó mú un. Tonton Akíndélé ta èyí tó kúrú fún ọ̀gbẹ́ni kan láti Parakou. Lẹ́ńsì gígùn náà sì bá Kaoussara lára mu. Òun ló ń gbé lọ sí Goro, òun ló ń gbé lọ sí ilé ìwé, òun ló fi ń ya káàdì ìdánimọ̀. Bó bá ya ọmọ kékeré tán, kò ní tíì dìde títí á fi mú ojú méjèèjì tóbi lórí kámẹ́rà, á wo ọ̀tún, á wo òsì. Àwọn ìyá kan máa ń bínú pé kí ló ń wá. Ó máa ń sọ ohun tó ń wá fún wọn.

Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, Faridath ti padà sí Kika, irun rẹ̀ ti hù, wọ́n sì ti fi ojú àtọwọ́dá sí i fún un. Ó jọ ojú gidi, àfi pé kì í yí bí ìkejì bá ń yí. Wọ́n kọ́ Rafiatou bó ṣe máa yọ ọ́, bó ṣe máa fọ̀ ọ́, bó ṣe máa dá a padà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ máa kọ́ ọ.

Kaoussara wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Imorou ń pọ́n àdá ní àgbàlá, Faridath àti àwọn ọmọ ilé kejì ń ta omi òjò sí ara wọn. Ó sáré wá bá bàbá rẹ̀, ó na ìka sí ojú, ojú náà sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Àdá jábọ́ lọ́wọ́ Imorou.

"Bàbá, ẹ bá mi mú un dání. Omi ń wọ̀ ọ́."

Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ̀, ó sì ti sá padà sínú òjò. Imorou dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ní títẹ́, kò pa á dé, kò sì gbé e sílẹ̀. Ó wo Kaoussara, Kaoussara náà wò ó, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe sí i.